Sayyid Abdul-Ghaffar: Ayàwòrán Mẹ́kà Tí Wọ́n Pa Orúkọ Rẹ̀ Rẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ojú, tó sì dá ohun tí ojú ń wò. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ṣòro kí a wọ yàrá àlejò Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá kí a má rí àwòrán Káábà lára ògiri. Ó lè jẹ́ kàlẹ́ńdà, ó lè jẹ́ èyí tí alhájì kan gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, ó sì lè jẹ́ káàdì alàwòrán kékeré, irú èyí tí a ń kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀ tí a sì ń fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. A ó wò ó, a ó yin Ọlọ́hun, a ó sì bẹ̀ Ẹ́ kó pe àwa náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: ta ló kọ́kọ́ ya irú àwòrán yìí? Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé, nínú àwọn ọmọ Mẹ́kà fúnra wọn, ta ló kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sójú ìlú rẹ̀?

Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ni Sayyid Abdul-Ghaffar, oníṣègùn. Àwòrán rẹ̀ gbajúmọ̀ káàkiri ayé ṣáájú orúkọ rẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwòrán fi ń rìn láìsí orúkọ. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn: iṣẹ́ ọkùnrin náà, bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọnù, àti ohun tí ẹ̀sìn wa kọ́ wa nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ṣáájú rẹ̀

Kí a má baà gba ipò ẹnìkan fún ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dárúkọ Muhammad Sadiq Bey. Ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì ni, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, ó sì mọ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Òun ló ya fọ́tò Mọ̀dínà ní 1861. Ní 1880 ó bá ọ̀wọ́ àwọn arìnrìn-àjò hájì láti Íjíbítì lọ gẹ́gẹ́ bí akápò, ó sì ya Mọ́ṣáláṣí Mímọ́ ti Mẹ́kà. Ní 1881 wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà níbi ìpàtẹ kan ní ìlú Venice. Sadiq Bey fọwọ́ sí àwọn fọ́tò rẹ̀. Ó ní ipò, ó sì ní ìjọba lẹ́yìn. Síbẹ̀, àlejò ni ní Mẹ́kà. Ó wá, ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó sì padà sílé.

Gàfárù méjì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1884, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Holland gúnlẹ̀ sí Jẹ́dà. Christiaan Snouck Hurgronje ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1857, ó gbọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa, ọ̀rọ̀ hájì ló sì fi kọ ìwé tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Leiden ní 1880. Ìjọba Holland ló ń ṣàkóso àwọn erékùṣù tí à ń pè ní Indonéṣíà lónìí, àwọn Mùsùlùmí tó ń ti ibẹ̀ lọ sí hájì sì pọ̀. Ìjọba náà ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ti Mẹ́kà dé, wọn kò ní fẹ́ tẹríba fún aláwọ̀ funfun mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́kà.

Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ wọ Mẹ́kà. Ní Jẹ́dà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1885, Snouck kéde pé òun ti gba Ìsìláàmù, ó sì mú orúkọ Abdul-Ghaffar, èyí tí àwa ń pè ní Gàfárù. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀ ọ́n, a kò sì ní fi ìyẹn dẹ́ṣẹ̀ níhìn-ín. Ní oṣù kejì ọdún náà ó wọ Mẹ́kà, ó sì gbé kámẹ́rà lọ.

Níbẹ̀ ló ti pàdé oníṣègùn kan tí òun náà ń jẹ́ Abdul-Ghaffar. Sayyid ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ó jẹ́ ìran Ànábì. Nínú ìwé tí Snouck kọ lẹ́yìn náà, ó ṣàpèjúwe irú ènìyàn tí oníṣègùn yìí jẹ́. Yàtọ̀ sí pé ó ń tọ́jú aláìsàn, ó ń tún aago ṣe, ó ń tún ìbọn ṣe, ó ń fi wúrà àti fàdákà bo nǹkan, ó sì ń ṣe òróró olóòórùn dídùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ò rí i pé a mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa: ọlọ́wọ́-ṣíṣẹ́, tí ohun kan kì í bàjẹ́ kó má fẹ́ tú u wò. Ilé rẹ̀ ni Snouck ti rí àyè fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́. Snouck sọ pé òun lòun kọ́ ọ ní fọ́tò yíyà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1885, ìjọba Tọ́kì tó ń ṣàkóso Mẹ́kà nígbà náà lé Snouck jáde lẹ́yẹ-ò-sọkà. Ìwé ìròyìn kan ní ilẹ̀ Faransé ló gbé ọ̀rọ̀ jáde pé ó fẹ́ gbé òkúta àtijọ́ kan tó ní ìkọ̀wé lára lọ. Ó fi àwọn ohun èlò fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ ní Mẹ́kà. Gàfárù àlejò lọ, Gàfárù onílé kù pẹ̀lú kámẹ́rà.

Ẹ fi ọkàn sí ọjọ́ yìí dáadáa. Oṣù kẹsàn-án ni hájì ọdún yẹn bọ́ sí. Wọ́n ti lé Snouck kí ó tó di ọjọ́ Àráfà. Ẹni tó fi hájì gba oyè ọ̀mọ̀wé kò fi ojú rẹ̀ rí hájì.

Ìwé náà dé

Lẹ́yìn tí Snouck padà sílé, òun àti oníṣègùn náà ń kọ̀wé sí ara wọn. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí wà ní ilé ìkàwé yunifásítì Leiden. Oníṣègùn ń ya fọ́tò ní Mẹ́kà, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí Jẹ́dà, ará Holland kan tó ń gbé ibẹ̀ sì ń bá a fi wọ́n ránṣẹ́ sí Leiden. Ní 1888 àti 1889 Snouck gbé ìwé ńlá jáde lórí Mẹ́kà ní èdè Jámánì, pẹ̀lú ìwé àwòrán tó tẹ̀lé e. Ní 1889 kan náà ó tún gbé ìwé àwòrán mìíràn jáde, Bilder aus Mekka, ìyẹn ni Àwòrán Láti Mẹ́kà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán inú ìwé yìí, oníṣègùn ló yà á.

Kí ni ìwé náà sọ nípa rẹ̀? Ó ní oníṣègùn kan ní Mẹ́kà, tí òun kọ́ ní iṣẹ́ fọ́tò, ló yà wọ́n. Kò dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ oníṣègùn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sára àwòrán, ní èdè Lárúbáwá, pẹ̀lú ìkọ̀wé aláràbarà: pé fọ́tò Sayyid Abdul-Ghaffar, oníṣègùn Mẹ́kà, nìyí. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé náà jáde, wọ́n pa ìkọ̀wé yìí rẹ́ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà, orúkọ Snouck ló ń rí níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń pè wọ́n ní àwòrán Snouck láti ìran dé ìran.

Àwọn Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èyí pẹ́ ju ogún ọdún lọ. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìwé náà ni àwọn olùwádìí fara balẹ̀ ka ìkọ̀wé tó kù lára àwọn fọ́tò mìíràn, tí orúkọ oníṣègùn fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ronú ì bá ti fura tipẹ́. Àwòrán àgọ́ ní Àráfà wà nínú ìwé, àwòrán Mínà náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé jáde kí hájì tó bẹ̀rẹ̀ kò lè ya Àráfà.

Ìdájọ́ àwọn onímọ̀ hàdíìsì

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Yóò ní Snouck ló ni kámẹ́rà, Snouck ló kọ́ ọ, Snouck ló gbé ìwé jáde; àti pé láyé ìgbà yẹn, àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà dárúkọ ẹni tó bá wọn ya fọ́tò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n tiwa wọ̀n ọ́n.

Kò sí ìjọ kan láyé tó fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ orúkọ tó ìjọ Ànábì. Bí hàdíìsì kan bá dé, ohun tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ń béèrè ni isnad: ta ló sọ ọ́ fún ọ, ta ló sì sọ ọ́ fún òun náà, títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Bí ẹnìkan bá ní ọkùnrin kan ló sọ ọ́ fún òun, tí kò dárúkọ ọkùnrin náà, mubham ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í tètè gba irú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá fi ọgbọ́n bo ẹni tó wà láàárín mọ́lẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ láti òkè, tadlis ni wọ́n ń pe ìyẹn, àbùkù ńlá sì ni.

Fọ́tò, ẹ̀rí ni. Ó ń sọ pé ẹnìkan dúró níbí, ó sì rí èyí. Bí a bá pa orúkọ ẹlẹ́rìí rẹ́, a ti já isnad nìyẹn. Nígbà tí Snouck kọ 'oníṣègùn kan', mubham ló ṣe. Nígbà tí wọ́n pa ìfọwọ́sí rẹ́ lára àwòrán, tí orúkọ òǹkọ̀wé nìkan kù níwájú, ó ti súnmọ́ tadlis. A kò sọ pé ọ̀mọ̀wé náà kò ṣe iṣẹ́ gidi. Ìwé rẹ̀ lórí ìgbé-ayé àwọn ará Mẹ́kà wúlò títí di òní. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó kọ́ ènìyàn ní ọkọ́ lílò kò ni oko onítọ̀hún.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwòrán. Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tó mú iṣẹ́ oníṣègùn yìí níyì ni pé onílé ló ń wo ilé rẹ̀.

Nínú àwòrán Mọ́ṣáláṣí Mímọ́ tó yà, ibi gíga ló ti wolẹ̀. Káábà wà láàárín, àwọn olùjọ́sìn tò yí i ká ní ìlà-ìlà, àwọn ilé ìlú sì gorí ara wọn lọ sẹ́yìn títí dé ẹsẹ̀ òkè. Kámẹ́rà ìgbà yẹn, orí dígí ló ń gbé àwòrán sí, kò sì fẹ́ kí nǹkan máa mira. Ẹni tó bá ń rìn yóò dà bí èéfín, ẹni tó bá dúró yóò hàn kedere. Ayàwòrán tó mọ àsìkò ìrun, tó mọ ìgbà tí sàfù yóò dúró jẹ́ẹ́, ló lè mú irú rẹ̀. Ìrun ló dá àwọn ènìyàn dúró fún un. Èmi kò rí àwòrán mìíràn nígbà yẹn tó fi ìjọ hàn gẹ́gẹ́ bí ìjọ tó báyìí: a kò rí ojú ẹnìkan, a sì rí gbogbo wọn.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ fún àwa tí a mọ Mẹ́kà òde òní. Ní ìgbà yẹn, àwọn ilé kéékèèké wà yí Káábà ká, níbi tí lèmọ́ọ̀mù máṣíháàbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń dúró, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn tirẹ̀. Ilé tó bo kànga Sàmúsàmú náà wà níbẹ̀. Ìmúgbòòrò tí ìjọba Sáúdì bẹ̀rẹ̀ ní 1955 àti èyí tó tẹ̀lé e ti kó gbogbo wọn kúrò. Odi Ajyad, tó wà lórí òkè tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n wó òun náà ní 2002. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé Ọlọ́hun ti rí lójú àwọn baba ńlá wa tó fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, irú àwòrán wọ̀nyí ni yóò wò.

Àwọn àwòrán ènìyàn ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ni mo ti ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i. Àwọn alálàájì láti Zanzibar wà nínú wọn, àwọn ará Basra wà, àwọn ará Mẹ́kà fúnra wọn wà. Wọ́n tẹjú mọ́ kámẹ́rà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà tó jìn lòun ti rìn. Oníṣègùn kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé inú ìwé, ìlú wọn nìkan ló kù lábẹ́ wọn. Ará ibí nìyí, ará ọ̀hún nìyẹn, bí ẹni ń to irúgbìn. Orúkọ tiwọn náà ti lọ.

Àwòrán kan wà tó ń dun ọkàn jù. Ọlọ́jà pàtàkì kan ní Mẹ́kà ni, pẹ̀lú ẹrú rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Circassia. Báyìí gan-an ni ìwé náà pè wọ́n. Aṣọ wọn gún, ìdúró wọn dára. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ àwòrán yìí: olówó, ẹrú, àti ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Kò sí èyí tí ìwé dárúkọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí a sòótọ́, oníṣègùn fi orúkọ tirẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀, kò fi ti ẹrú síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ náà lè gbàgbé ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń gbèjà rẹ̀ lónìí kò gbọdọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ta ni àwòrán wà fún?

Ní 1889, ọdún tí ìwé àwòrán náà jáde, ìjọba Holland rán Snouck lọ sí Indonéṣíà gẹ́gẹ́ bí agbaninímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n fi bá àwọn Mùsùlùmí Aceh jà. Àwòrán tí oníṣègùn yà nínú ìlú rẹ̀, fún ẹni tó pè ní ọ̀rẹ́, ti bọ́ sínú àpótí ìmọ̀ àwọn tó ń jọba lé Mùsùlùmí lórí. A kò lè dá oníṣègùn lẹ́bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ẹni tó bá ń ya àwòrán àwọn ènìyàn rẹ̀ ní láti béèrè ibi tó ń lọ.

Àwọn kan nínú wa yóò béèrè bóyá fọ́tò yíyà tilẹ̀ tọ́ nínú ẹ̀sìn. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí rẹ̀. Sheikh Muhammad Bakhit al-Muti'i, tó jẹ́ Mufti ilẹ̀ Íjíbítì, kọ ìwé láti fi hàn pé kò burú, nítorí òjìji tí Ọlọ́hun ti dá ni kámẹ́rà ń mú dúró, kò dá nǹkan tuntun. Àwọn àgbà onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Sáúdì kò gbà bẹ́ẹ̀, àyàfi níbi tó bá di dandan. Kálukú ní ẹ̀rí tirẹ̀, kí a sì bọ̀wọ̀ fún ara wa. Ohun tí ìhà méjèèjì fẹnu kò sí ni pé ọ̀rọ̀ àwòrán kì í ṣe ohun eré, àti pé ẹni tó bá ṣe é yóò jíhìn rẹ̀.

Lẹ́yìn oníṣègùn

Ní nǹkan bí 1907, ilé ìyàwòrán H. A. Mirza àti àwọn ọmọ rẹ̀, ní ìgboro Chandni Chowk ní Delhi, ń ta fọ́tò àwọn ibi mímọ́ fún àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n tún ń tẹ káàdì alàwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ wọn wà lára ohun tí wọ́n ń tà, nítorí náà a mọ̀ wọ́n láìsí wàhálà. Mùsùlùmí ló yà á, Mùsùlùmí ló tà á, Mùsùlùmí ló rà á sára ògiri. Ohun tí oníṣègùn Mẹ́kà ń wá nígbà tó fi kálàmù kọ orúkọ rẹ̀ sára fọ́tò, ọjà Delhi ló rí i gbà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ ṣí àpótí ìyá àgbà, ẹ yí àwọn fọ́tò àtijọ́ padà. Lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí òǹtẹ̀ onífọ́tò, pẹ̀lú orúkọ àti àdúgbò rẹ̀. Àwọn tó ya fọ́tò baba wa kí wọ́n tó lọ sí Mẹ́kà, tó ya ọjọ́ wòlímọ̀ wa àti ọjọ́ tí a ṣí mọ́ṣáláṣí àdúgbò, mélòó nínú wọn ni a lè dárúkọ? Àwọn tó wà nínú fọ́tò ńkọ́? Bí ìyá àgbà bá ti kú, ta ni yóò sọ fún wa pé ẹni tó dúró lápá òsì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Bí a bá ń tún fọ́tò tẹ̀ sínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́, tí a sì gé ibi tí orúkọ onífọ́tò wà dànù, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún oníṣègùn ní Leiden náà ni àwa ń ṣe níhìn-ín, a kò sì ní aláwọ̀ funfun tí a ó dá lẹ́bi.

Iṣẹ́ tó kù kò le. Kí a mú bírò, kí a jókòó ti àwọn àgbà nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà, kí a kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan: ẹni tó wà níbẹ̀, ọdún tó jẹ́, àti ẹni tó yà á. Isnad ni ìyẹn. Yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn.

Kí Ọlọ́hun forí ji Sayyid Abdul-Ghaffar, oníṣègùn Mẹ́kà, kó sì san án ní ẹ̀san ohun tí ojú rẹ̀ rí tó fi sílẹ̀ fún wa. Kó pe gbogbo wa sí ilé Rẹ̀, kó sì jẹ́ kí a fi ojú ara wa rí i. Àmín.